Tánkà Dhapu Kò Gbọdọ̀ Gbẹ

Ní Kerli, abúlé kan nínú aṣálẹ̀, ẹni tó bá da omi síwájú kì í tẹ ilẹ̀ tútù. Èébú ni yóò tẹ̀. Bí bọ́tà yíyọ́ bá dà sílẹ̀ nílé ẹnìkan, wọ́n á ní kò burú, ajá á lá a. Ṣùgbọ́n kí omi dà sílẹ̀, ìbáà jẹ́ èyí tó ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ ife, gbogbo ilé á dákẹ́ wìì bí ìgbà tí ènìyàn só níwájú àna.

Dhapu ló sì le jù nínú ọ̀rọ̀ omi ní abúlé náà. Obìnrin gbàǹgbà ni, ohùn rẹ̀ a máa dé oko kí òun alára tó kúrò nílé. Ọjọ́ tí wọ́n bí i, bàbá rẹ̀ ti ní ọmọbìnrin mẹ́rin, ló bá sọ karùn-ún ní Dhapu, tó túmọ̀ sí "Ó tó gẹ́ẹ́," kí Ọlọ́run lè gbọ́. Dhapu fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn náà, á sì rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ á fi máa mì jọ̀ọ̀jọ̀ọ̀. Ó ní Ọlọ́run kò gbọ́ èdè bàbá òun, torí obìnrin méjì tún tẹ̀lé òun.

Níwájú ilé rẹ̀ ni tánkà wà, ihò ńlá roboto tí bàbá ọkọ rẹ̀ gbẹ́ sínú ilẹ̀, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ nínú, tí wọ́n sì bò lórí bí ìkòkò tó ní ọmọrí. Àgbàlá òjò ló yí i ká, ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ kí ó le, kí ó sì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sí ọ̀nà ihò kékeré kan lára ògiri tánkà. Òjò tó bá rọ̀ sórí àgbàlá yẹn á ṣàn gba ihò náà wọlé, òun ni wọn á sì máa mu títí di ọdún tó ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ bàtà débẹ̀. Dhapu ti ju bàtà olùkọ́ kan sínú igbó ẹ̀gún rí. Ọ̀gbẹ́ni náà fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé ilé lórí yanrìn gbígbóná, ó ń fò bí ọmọ ewúrẹ́.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, tánkà kò kún dé ìdajì láti ọdún tó ṣáájú. Dera, ọmọ kan ṣoṣo tí Dhapu bí, ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ aṣọ ní ìlú Surat, ó sì fi Imarti ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Imarti bí ọmọbìnrin kan, wọ́n ń pè é ní Suvati. Ọmọ náà ti di ọmọ oṣù márùn-ún nígbà tí oṣù Jeth dé pẹ̀lú ooru tó ń mú kí ajá pàápàá máa wá òjìji ràkúnmí sùn sí.

Inú oṣù yẹn ni Jetharam, ẹ̀gbọ́n Imarti, gun alùpùpù rẹ̀ wá láti ìhà ibi tí odò tí ìjọba gbẹ́ gbà kọjá. Wọ́n fún un ní rótì jéró pẹlẹbẹ àti omi wàrà kíkan, ó jẹun yó, ó wá dìde, ó lọ sọ garawa sínú tánkà. Garawa náà kò dún "jàbú" bó ṣe yẹ. "Gbọ̀" ló dún. Jetharam wo okùn ọwọ́ rẹ̀, ó wo Dhapu.

"Màmá," ó ní, "mi ò bá ìjà wá. Ọmọ ọwọ́ ni àbúrò mi ń fún lọ́yàn, ife lẹ sì fi ń wọn omi fún un. Nílé tiwa, ẹ̀rọ la kàn ń yí."

Dhapu dáhùn pé òótọ́ ni, ẹ̀rọ tí wọ́n ń yí lójoojúmọ́ ọ̀hún ti yí wọn lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò sí lójú Jetharam. Ó sọ ohun tó gbé e wá. Lọ́jọ́ tí òṣùpá oṣù tó ń bọ̀ bá kún, òun ń padà bọ̀. Bí òun bá bá omi nínú tánkà, òun á mu nínú rẹ̀, òun á sì máa lọ ní tòun. Bí òun bá bá a ní gbígbẹ, òun á kó àbúrò òun àti ọmọ rẹ̀ lọ, wọn kò sì ní padà títí Dera á fi kọ́lé sí ẹ̀bá odò.

Dhapu mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ní ìhà ìlà-oòrùn Kerli, ilé mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí kò ní ilẹ̀kùn mọ́. Gbogbo àwọn onílé náà ló ní àwọn fẹ́ lọ lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nítòsí odò. Àgbọ̀nrín ló ń sùn nínú yàrá wọn báyìí. Ó wo Suvati tó ń jẹ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lórí ẹní. Ó gbé ọwọ́ lé ọmọrí tánkà, ó ní kí Jetharam máa lọ, kí ó sì padà wá lọ́jọ́ tó dá. Ó ní tánkà yìí kò ní gbẹ.

Imarti kò sọ pé òun fẹ́ lọ, kò sì sọ pé òun ò fẹ́. Àṣà ibẹ̀ ni pé ìyàwó ilé kì í la ẹnu níwájú bàbá ọkọ rẹ̀. Kumbharam, bàbá Dera, sì jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń tayín. Imarti kàn fa ìbòjú rẹ̀ sísàlẹ̀ sí i, ó gbé ọmọ wọlé. Ọdún mẹ́ta ló ti wà nílé yẹn, Kumbharam kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.

Láti ọjọ́ kejì ni Dhapu ti gbé òfin kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi omi fọ abọ́ mọ́; yanrìn ni wọn yóò fi ha á, wọn á fi aṣọ nù ún, ó parí. Bí ènìyàn bá fẹ́ wẹ̀, orí ibùsùn onígi tí wọ́n fi okùn hun ni yóò jókòó sí, wọn á gbé ọpọ́n irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí omi lè kán síbẹ̀. Omi yẹn ni wọ́n fi ń fọ aṣọ ọmọ. Bí wọ́n bá fọ aṣọ tán, wọn á fi èyí tó kù po ìgbẹ́ màlúù láti fi rẹ́ ilẹ̀ yàrá. Ọmọ nìkan àti ìyá rẹ̀ ni a kò ní wọn omi mímu fún.

Ife méjì ni òfin fún ẹni tó bá fẹ́ wẹ̀. Dhapu ló kọ́kọ́ jìyà òfin ara rẹ̀. Ó jókòó lórí ibùsùn, ó da ife àkọ́kọ́ sórí, ife náà tán sí àárín ọyàn rẹ̀ méjèèjì. Ó da ìkejì, ìyẹn náà dé ìdodo, ó dúró. Imarti tó ń bá a fọ ẹ̀yìn rọra béèrè bóyá kí òun bu ẹ̀kẹta. Dhapu kọ̀. Ó ní òun á máa wẹ ara òun ní ìpín-ìpín bí ẹni ń pa ilé ní ọ̀dà: òkè lónìí, ìsàlẹ̀ lọ́la, kí ẹni tó bá fẹ́ gbóòórùn òun yáa yan ọjọ́ tó wù ú.

Ọkọ rẹ̀ ló fún un ní wàhálà jù. Kumbharam fẹ́ràn láti máa fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn tó bá mu tábà, ife kan odidi, á tu ú sórí yanrìn. Dhapu ká a mọ́ ibẹ̀.

"Bàbá Dera," ó ní, torí obìnrin ibẹ̀ kì í pe orúkọ ọkọ, "bí o bá máa tu omi, ìdí igi ẹ̀yìn ilé ni kí o tu ú sí. Bí ó bá ṣeé ṣe fún mi ni, ìtọ̀ mi ni mi ò bá máa fi bomi rin igi yẹn."

Kumbharam ní òun ti ń ṣe é láti ogójì ọdún, ta ló rò pé ó mú igi náà tóbi.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fa ọjọ́ gùn. Aládùúgbò kan wá sọ pé àwọn kan fẹ́ dáwó gbé ọkọ̀ omi wá, ṣé Dhapu á dá sí i. Dhapu kọ̀. Omi inú ọkọ̀ yẹn, inú kànga jíjìn ni wọ́n ti ń fà á, iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ débi pé tíì tí wọ́n fi sè kì í dùn. Bí wọ́n bá dà á sínú tánkà, ó ti ba tánkà jẹ́ nìyẹn, èyí tó sì burú jù, inú Suvati kò ní gbà á. Ó ní òun máa dúró de omi òjò.

Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí òṣùpá kún, garawa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrẹ̀ bọ̀. Wọ́n fi aṣọ sẹ́ ẹ, wọ́n sè é, wọ́n mu ún. Dhapu dẹ́kun wíwẹ̀ pátápátá. Kò dẹ́kun iṣẹ́. Ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó le, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á gbá àgbàlá òjò láti eteetí dé àárín, á ṣa ìgbẹ́ ewúrẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á yọ ìyẹ́ ọ̀kín kúrò. Imarti bẹ̀bẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun gbá a. Dhapu ní kí ó lọ fún ọmọ lọ́yàn, pé ọyàn tòun ti gbẹ ṣáájú tánkà.

Bí ó ṣe gbá a tán ni ó dí ihò tí omi ń gbà wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é: òjò àkọ́kọ́ kì í wọ tánkà, ìdọ̀tí ilẹ̀ ló máa ń fọ̀ lọ. Ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ ni wọ́n tó máa ń ṣí ihò. Lọ́dún tó kọjá, èdídí tí Dhapu fi sí i jò, Kumbharam sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún odidi oṣù kan, ó ní omi tí àwọn ń mu ní adùn ewúrẹ́. Torí náà, lọ́tẹ̀ yìí, Dhapu mú síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àtijọ́, èyí tó fẹ̀ bí àgọ́, ó ta á ní kókó méjì, ó fi igi gún un wọlé títí kókó kan fi bọ́ sí òdìkejì. Ó dìde, ó gbọn ọwọ́, ó ní kí ewúrẹ́ tó bá tó bẹ́ẹ̀ wá gba ibẹ̀ kọjá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú òṣùpá kíkún, ọ̀run ṣú láti ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀fúùfù kọ́kọ́ dé, ó kó yanrìn sí gbogbo ènìyàn lẹ́nu, lẹ́yìn náà ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó. Ilẹ̀ ń rùn bí àgbàdo tí wọ́n ń yan. Dhapu dúró sí ẹ̀gbẹ́ àgbàlá òjò pẹ̀lú ọwọ́ ní ìbàdí, ó jẹ́ kí omi pupa àkọ́kọ́ ṣàn lọ sínú yanrìn. Ó dùn ún dé egungun, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí ó lọ. Nígbà tí omi tó ń ṣàn lórí ilẹ̀ wá mọ́ rekete, tí òjò náà sì le sí i, ó kúnlẹ̀ ní ẹnu ihò, ó di etí síkẹ́ẹ̀tì mú, ó fà á.

Síkẹ́ẹ̀tì kò mì. Ó ti mu omi, ó ti wú, kókó tó wà ní òdìkejì ti di ìkúùkù.

Òjò Kerli kì í pẹ́. Á dé bí àlejò tó ń kánjú, á mu tíì kan, á lọ, ó lè di ọdún tó ń bọ̀. Omi ti ń kóra jọ níwájú ihò, ó rí i pé ọ̀nà dí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́rí gba ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Dhapu fà, aṣọ ya lọ́wọ́ rẹ̀. Ni ó bá ki apá òsì bọ inú ihò, ó tì í, ó tì í, títí dé òkè ìgúnpá, títí ìka rẹ̀ fi kan kókó òdìkejì. Ó dì í mú. Ó fẹ́ fa apá padà, apá kò bọ̀.

Ẹ̀gbà ló dá a dúró. Ẹ̀gbà ike funfun tí obìnrin abílékọ ń wọ̀ níbẹ̀, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, láti ìgúnpá dé abẹ́ èjìká. Èyí tó wà lókè apá ti fún ara wọ ẹnu ihò, ó wá há síbẹ̀ láàrín ẹran ara Dhapu àti sìmẹ́ńtì. Báyìí, kì í ṣe síkẹ́ẹ̀tì nìkan ló dí ọ̀nà omi. Dhapu pàápàá ti di èdídí.

Ó pariwo pe Bàbá Dera. Kumbharam sáré jáde, Imarti tẹ̀lé e, ó ti gbé ọmọ lé orí ibùsùn. Wọ́n di Dhapu ní ẹsẹ̀ mú, wọ́n fà á. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa òun fúnra rẹ̀ nínú ìrora; ó ní kí wọ́n rọra, òun kì í ṣe màlúù tó ń bímọ. Kumbharam sáré gbé ìgò bọ́tà yíyọ́ jáde, gbogbo èyí tí wọ́n ní nílé, ó dà á sí i lápá. Òjò fọ̀ ọ́ dànù kó tó dé ibi tó há. Omi sì ń lọ. Ó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn lọ bí ìgbà tí ènìyàn ń tú ẹrù jáde nínú ilé, yanrìn ń gbé e mì.

"Fọ́ ẹ̀gbà," Dhapu wí.

Kumbharam dúró. Omi ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ní ilẹ̀ yẹn, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fọ́ ẹ̀gbà lọ́wọ́ obìnrin, ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ bá kú. Ó ní rárá. Ó ní àwọn á dúró kí òjò dá, ara rẹ̀ á sọ̀ wálẹ̀, apá á jáde fúnra rẹ̀.

"Tí òjò bá dá, kí ni mo fẹ́ fi apá ṣe?"

"Ìyá Dera, ikú ni ò ń ké sí."

"Bàbá Dera, wò mí. Ṣé o ti kú ni?"

Ó ní òun kò tíì kú.

"Ó dáa. Àwọn opó, ọkọ wọn kú ni wọ́n ṣe fọ́ tiwọn. Tèmi, ọkọ mi dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, òun ló fọ́ ọ. Ikú wo ló máa rí ìyẹn tí kò ní sá?"

Kumbharam kò mira. Ìgbà náà ni ohùn kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ohùn tinrín tó mú bí abẹ́rẹ́: "Bàbá, ẹ fọ́ ọ. Bí ẹ ò bá fọ́ ọ, èmi á fọ́ ọ."

Bàbá arúgbó náà yíjú padà, ó ń wá ẹni tó sọ̀rọ̀. Imarti ni. Ìbòjú rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀ nínú òjò, gbogbo ojú rẹ̀ hàn, kò sì fà á bò ó. Ó ti mú àáké lọ́wọ́. Kumbharam wò ó, ó wo àáké, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ki ẹnu àáké sí àárín ẹ̀gbà àti ògiri, ó yí i. Èyí àkọ́kọ́ kán "kẹ́ẹ̀." Dhapu gé ètè ara rẹ̀ jẹ. Ìkejì kán, ẹ̀jẹ̀ yọ díẹ̀. Ní ìkẹrin, apá mì. Ní ìkẹfà, Dhapu fi gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀, èyí tó ti ń sọ lójoojúmọ́ pé òun fẹ́ dín kù, ṣubú sẹ́yìn. Apá jáde, síkẹ́ẹ̀tì tẹ̀lé e, ó ya sí méjì ó sì gbá Kumbharam lójú.

Omi dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń rò ó. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú, ó kọrí sí ihò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Wọ́n gbọ́ ọ nísàlẹ̀ bó ṣe ń lu ìdí tánkà gbígbẹ. Kò sẹ́ni tó dìde. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sínú ẹrẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ darí omi tó fẹ́ sá lọ, wọ́n ń gbá a padà sí ojú ọ̀nà bí ẹni ń da àgùntàn wọ agbo, títí òjò fi dá ní ìrọ̀lẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Dhapu jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú apá òsì rẹ̀ ní òfìfo; ó wú débi pé wọ́n ti bọ́ ẹ̀gbà ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì ti fi ata ilẹ̀ pupa pa á. Ó gbé Suvati sí apá ọ̀tún, aṣọ ọmọ sì bo ẹ̀gbà tó ṣẹ́kù sí i. Jetharam dé. Láti ẹnu ọgbà ló ti rí apá náà. Ó jẹ́ kí alùpùpù ṣubú, ó fa aṣọ bo orí, ó bú sẹ́kún bí wọ́n ṣe ń sunkún òkú ní Kerli, ó ń ka oore Kumbharam sílẹ̀: bàbá jẹ́jẹ́, bàbá tí kì í bínú, bàbá tó fún òun ní ewúrẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Dhapu kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é. Kó tó la ẹnu, Kumbharam ti ẹ̀yìn ilé jáde, ó ń so ṣòkòtò. Ó tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀.

"Ewúrẹ́ méjì ni," ó ní. "Ta ló kú?"

Ó pẹ́ kí ẹ̀rín tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè ṣàlàyé. Jetharam nu ojú, inú bí i díẹ̀, ó lọ sí ibi tánkà, ó sọ garawa sílẹ̀. Ó bu, ó mu, ó wọn gígùn okùn tó tutù pẹ̀lú apá rẹ̀. Kò kún. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì. Ó ní ìyẹn kò tó láti gbé ilé kan dé òjò tó ń bọ̀. Dhapu ní tí wọ́n bá ń lò ó bí àwọn ará ẹ̀bá odò ni kò ní tó. Àbúrò rẹ̀ ni Jetharam yíjú sí, ó ní kí ó lọ di ẹrù.

Imarti wà ní ìdí ààrò, ó ń fi yanrìn ha abọ́. Kumbharam jókòó sí ìtòsí. Imarti kò dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kí ìyá mi," ó ní. "Ẹ sọ fún wọn pé omi wà nílé mi."

Kumbharam tẹjú mọ́ tábà ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò gbọ́. Ṣùgbọ́n Dhapu gbọ́. Ó gbọ́ "ilé mi" náà dáadáa, ó sì gbé ọmọ sókè díẹ̀ kí wọ́n má baà rí ojú òun.

Nígbà tí Jetharam fẹ́ gbé alùpùpù rẹ̀ dìde, Dhapu ti dúró tì í pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Òjò àná ti wó etí ọ̀nà omi ní ibi méjì, ọ̀run sì tún ń ṣú lápá ìwọ̀-oòrùn. Apá rẹ̀ kò lè gbé nǹkan. Ó na ọkọ́ sí i, ó ní kí ó bọ́ bàtà rẹ̀. Jetharam wo ṣòkòtò funfun rẹ̀, ó wo ọ̀run, ó bọ́ bàtà. Kò tíì wa ẹrẹ̀ ìgbà kẹta tí Dhapu fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú u pé etí òsì ọ̀nà omi ló ga jù, ṣé bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ odò lọ́dọ̀ wọn nìyẹn.